Bí mo bá ra Rolex lónìí, èló ni yóò jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo sì ń ṣe. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni màá pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, mo sì fẹ́ ra aago ọwọ́ gidi kan fún ara mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ra Rolex Datejust àlòkù ní mílíọ̀nù méjì náírà ní àárín ọdún 2016. Lónìí, mílíọ̀nù mọ́kànlá ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ó ní aago sàn ju ilẹ̀ lọ, pé ọmọ onílẹ̀ kò lè da ẹni láàmú lórí rẹ̀, àti pé èèyàn lè wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ kọjá ibodè. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London náà ní Rolex kì í já wálẹ̀. Ṣé kí n kó owó tí mo fẹ́ fi ra púlọ́ọ̀tì kejì sínú aago? Bí mo bá sì rà á, èló ni yóò jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bóyá mo fẹ́ tà á ni o, tàbí mo fẹ́ fà á lé ọmọ mi lọ́wọ́?"

Arákùnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé aago wá bá mi, ìgbà tí wọ́n fẹ́ tà ni wọ́n ń wá, nígbà tí mi ò lè ṣe ju pé kí n sọ òótọ́ fún wọn lọ. Ohun méjì ni ẹ dì sínú ẹrù kan nínú ìbéèrè yín: ẹ fẹ́ aago tí ọkàn yín fà sí, ẹ sì fẹ́ kí aago náà máa bá yín ṣọ́ owó. Ó ṣeé ṣe kí aago kan ṣe méjèèjì. Mo ti rí i, mo sì ti tà á. Ṣùgbọ́n irú aago bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Iye tí ẹ bá rà á ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lójú rẹ̀ lọ, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí i lọ́wọ́ yín láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lè sọ ìyókù di asán. Ìdáhùn mi ní ṣókí ni pé kí ẹ má kó owó ilẹ̀ sínú aago. Àlàyé rẹ̀ ló gùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù méjì tó di mọ́kànlá, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣìṣirò jù. Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, náírà ló fi í ṣe ẹlẹ́tàn. Ní àárín ọdún 2016, nǹkan bí 360 náírà ni dọ́là kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́wó lójú títì. Mílíọ̀nù méjì nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 5,550 dọ́là. Nígbà tí dọ́là sì wà ní nǹkan bí 1,500 náírà, mílíọ̀nù mọ́kànlá kò ju nǹkan bí 7,300 dọ́là lọ. Ká ní ọ̀rẹ́ yín kò ra aago rárá, tó kàn di dọ́là 5,550 yẹn mọ́ inú àpótí, mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà ó lé díẹ̀ ni ì bá bá níbẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó ń pè ní èrè, ó lé ní mẹ́fà tó jẹ́ pé aago kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Náírà ló rọ, kì í ṣe aago ló gbówó lórí.

Kò sì tíì parí. Mílíọ̀nù mọ́kànlá yẹn ni iye tí alágbàtà ń pè é fún ẹni tó fẹ́ rà. Bí ọ̀rẹ́ yín bá gbé tirẹ̀ wá lọ́la, alágbàtà ní láti jẹ èrè tirẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lè san mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bí 6,300 dọ́là. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó yẹ kó ti gbé aago náà fún àwọn tó máa tú u, tí wọ́n á fọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi òróró tuntun sí i, iṣẹ́ tó ń gba ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Dọ́là fúnra rẹ̀ náà ti rọ: ohun tí 5,550 dọ́là rà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, nǹkan bí 7,400 ló ń rà á nísinsìnyí. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ papọ̀, ọ̀rẹ́ yín wọ aago tó dára fún ọdún púpọ̀, ó sì lè rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ gbà padà. Ohun rere nìyẹn, mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n kò dára bí ẹni tó sọ méjì di mọ́kànlá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ló kàn, pé Rolex kì í já wálẹ̀. Aago olówó ńlá tó pọ̀ jù láyé yìí máa ń já wálẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tuntun ṣe máa ń di àlòkù ní ẹnu géètì. Owó tí ẹ san nínú ṣọ́ọ̀bù, èrè onísọ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀, owó orí ìjọba wà nínú rẹ̀, owó ìpolówó àti ti àwọn gbajúmọ̀ tó ń wọ̀ ọ́ fún fọ́tò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín kò ní san ìkankan nínú wọn. Nínú ohun tí mo ń rí lọ́jà, aago TAG Heuer tàbí Breitling tí wọ́n rà ní ojúlówó iye rẹ̀ máa ń pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omega sàn díẹ̀, pàápàá Speedmaster tí àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀ lọ sórí òṣùpá lọ́dún 1969, ṣùgbọ́n òun náà máa ń já. Hublot tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn lóde àríyá lè já dé ìdajì. Kódà Patek Philippe tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún, ó ní àwọn aago wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tó rà wọ́n ní tuntun yóò pàdánù bó bá fẹ́ tà wọ́n láìpẹ́. Kí ẹ má wo orúkọ iléeṣẹ́ nìkan. Irú aago wo gan-an ni, kí ni wọ́n fi ṣe é, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Ibẹ̀ ni owó wà.

Kí ló dé tí àwọn Rolex kan kò fi já bẹ́ẹ̀? Àwọn oníṣirò ọjà gbà pé Rolex ń ṣe aago tó ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún, nítorí náà ẹ má gbà á gbọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ní àìwọ́pọ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ ju mílíọ̀nù lọ, iléeṣẹ́ náà sì kọ̀ láti bá wọn sáré. Hans Wilsdorf, ẹni tó dá a sílẹ̀ ní London lọ́dún 1905 kó tó gbé e lọ sí Geneva, kò bímọ. Àjọ tó dá sílẹ̀ ló ni gbogbo iléeṣẹ́ náà títí di òní, nítorí náà kò sí onípìn-ín-ìdókòwò kankan tó ń pariwo pé kí wọ́n tà sí i kí èrè ọdún yìí lè ga. Wọn kì í fi ẹ̀dínwó ta ọjà. Wọn kì í sì í yí ojú aago wọn padà lódindi. Nínú àwọn aago wọn, Submariner jáde lọ́dún 1953, GMT-Master lọ́dún 1955, Day-Date lọ́dún 1956, ẹni tó bá sì rí èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbà yẹn yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ti àtijọ́ kì í fi dà bí ohun àtijọ́ lójú ẹni tó ń rà á. Pẹ̀lú gbogbo èyí, iye tuntun ń gòkè: Submariner tí kò ní déètì, èyí tó jáde lọ́dún 2020, 8,100 dọ́là ni wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ó sì ti kọjá 9,000 kó tó pé ọdún márùn-ún. Bí tuntun bá ṣe ń gòkè, ó ń fa àlòkù lọ́wọ́ sókè.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà kà sí, èmi sì kà á sí ju gbogbo rẹ̀ lọ: Rolex yá tà. Bí ẹ bá gbé Datejust tó mọ́ tónítóní lọ sí Èkó, Dubai, London tàbí Hong Kong láàárọ̀, owó lè ti wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí kò sí alágbàtà tó ń bẹ̀rù pé òun kò ní rí ẹni tà á fún. Gbé aago mìíràn tó dára jù ú lọ ní iṣẹ́ ọwọ́, tí kò lórúkọ lẹ́nu ará ìta, wá sọ́jà kan náà. Ẹ lè dúró oṣù mẹ́fà. Mo fẹ́ràn àwọn aago bẹ́ẹ̀, inú mi sì máa ń bàjẹ́ bí mo bá ń sọ iye tí ọjà gbé lé wọn fún ẹni tó ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọjà kì í san owó fún ìfẹ́.

Ẹ wá béèrè ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìtàn aago kọ́ mi láti ṣọ́ra fún irú ìbéèrè yìí. Ká ní ẹnìkan béèrè rẹ̀ lọ́dún 1968, gbogbo amòye ní Switzerland ni ì bá sọ pé ọ̀la aago Switzerland dára. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, Seiko gbé aago kan tó ń jẹ́ Astron jáde ní Tokyo, bátìrì àti òkúta quartz ló ń gbé e ṣiṣẹ́, ó sì ń péye ju aago èyíkéyìí tí a ń fi ọwọ́ ká lọ. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ aago ní Switzerland ti dín láti nǹkan bí 90,000 sí ohun tó lé díẹ̀ ní 30,000. Àwọn iléeṣẹ́ tó lókìkí kógbá sílé, ẹni tó kó owó rẹ̀ sínú aago wọn sì jẹun ìyà. Àárín ìjì yẹn náà ni àwọn aago tí ayé ń dù lónìí ti jáde. Gérald Genta, ayàwòrán aago, ló ya Royal Oak fún iléeṣẹ́ Audemars Piguet lọ́dún 1972, òun náà ló ya Nautilus fún Patek Philippe lọ́dún 1976, irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n pè wọ́n ní owó aago wúrà. Àwọn oníbàárà ìgbà náà ò tètè gbà á. Rolex Daytona tó jáde lọ́dún 1963 náà jókòó pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó òṣèré Paul Newman ra ọ̀kan fún un ní ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York ní mílíọ̀nù 17.75 dọ́là. Aago tí kò tà ni wọ́n ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, díẹ̀ tí wọ́n ṣe ló di ọ̀wọ́n. Èyí tí gbogbo èèyàn ń rà báyìí láti fi pamọ́ sínú ọ̀rá, tí wọn ò wọ̀, tí wọ́n ń dúró de ọjọ́ èrè, irú wọn yóò pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ èrè yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2020 sí 2023. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà sé àwọn èèyàn mọ́lé, owó ọ̀fẹ́ ń jáde láti ọ̀dọ̀ ìjọba ní ìlú òyìnbó, èlé báńkì wálẹ̀ gan-an, àwọn tó jèrè nínú owó kírípítò sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi owó náà rà. Patek kéde lọ́dún 2021 pé òun kò ní ṣe Nautilus 5711 onírin mọ́, aago tí ṣọ́ọ̀bù ń tà ní nǹkan bí 35,000 dọ́là. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọ̀kan tí ojú rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù ti Tiffany, ṣọ́ọ̀bù ohun ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà, lọ ní mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ dọ́là ní gbàǹjo. Kó tó di oṣù Kẹta ọdún 2022, 5711 lásán ti kọjá 150,000 dọ́là lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Àwọn báńkì àpapọ̀ ìlú òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè, owó kírípítò ṣubú, àwọn tó kó aago pamọ́ sáré gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ sí apá 100,000. Ẹni tó rà á ní 35,000 ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rà á nínú oṣù Kẹta yẹn, tí ó sì yá owó rà á, ti ta ohun mìíràn láti fi san gbèsè. Aago kan náà ni o, kò sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ fún yín pé kí ẹ ra ti wúrà, pé wúrà kì í bàjẹ́. Day-Date, èyí tí Rolex kì í fi irin ṣe láéláé, àfi wúrà tàbí platinum, ni àwọn bàbá wa tó rí ṣe nígbà owó epo rọ̀bì ní àwọn ọdún 1970 fẹ́ràn jù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ káàkiri Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wúrà tí a pè ní káráàtì 18, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni wúrà gidi. Wúrà ti gòkè púpọ̀: ó wà ní nǹkan bí 2,000 dọ́là fún áúńsì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó sì kọjá 4,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Nítorí náà aago wúrà ní ilẹ̀ tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò lè já wá sí ìsàlẹ̀ iye wúrà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ máa san lé iye wúrà yẹn nígbà tí ẹ bá ń rà á ní tuntun pọ̀ gan-an, òun ló sì kọ́kọ́ máa ń lọ. Bó bá jẹ́ wúrà ni ẹ fẹ́ fi pa owó mọ́, ẹ ra wúrà. Bí bàbá yín bá sì fi Day-Date sílẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà tí yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mo ti rí ìdílé tó ta aago tí ojú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an ní iye irin, wọ́n sì ti yọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́.

Wàyí o, ohun tó ń ba iye aago jẹ́ ní ọwọ́ àwa fúnra wa. Mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí, nítorí kò sí agbára yín lórí báńkì àpapọ̀, agbára yín wà lórí èyí. Ẹni tó ń ra aago àlòkù olówó ńlá, ohun tó ń san owó fún ni bí aago náà ṣe jáde ní iléeṣẹ́. Etí mẹ́rin tó di ṣéènì mú, tó nípọn, tí igun rẹ̀ ṣì mú, ni ó kọ́kọ́ ń wò. Àwọn alátùn-únṣe wa fẹ́ràn láti fi ẹ̀rọ dán aago kó lè máa kọ yanranyanran, oníbàárà sì máa ń dúpẹ́. Irin ni wọ́n ń gé dànù. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, etí náà yóò ti tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé fún alátùn-únṣe kó tó gbà á lọ́wọ́ yín pé kó tú u fọ̀, kó má dán an. Bákan náà ni ojú aago. Mo ti rí Submariner àtijọ́ tí oòrùn ti sọ ojú dúdú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú bí obì, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń san owó gọbọi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n alátùn-únṣe tí kò mọ̀ yóò kùn ún ní ọ̀dà tuntun, yóò sì rò pé òun ṣe oore. Ohunkóhun tí wọ́n bá yọ lára aago yín, ọwọ́ aago o, gíláàsì o, ẹ gbà á padà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Ti dáyámọ́ńdì ló ń dùn mí jù. Aago gidi ni èèyàn á rà, á gbé e fún ẹni tó máa lu òkúta kún un láti ojú dé ṣéènì, kó lè máa tàn nínú fídíò òde ìgbéyàwó. Láti ìgbà yẹn lọ, Rolex kò ní fọwọ́ kan aago náà mọ́, nítorí wọn kì í tún aago tí wọ́n bá ti yí padà ṣe. Àwọn tó ń kó aago jọ kò ní wò ó. Owó tí wọ́n san lórí òkúta náà ti lọ, ó sì ti mú lára owó aago náà lọ pẹ̀lú.

Ẹ tọ́jú káàdì tó bá a jáde, àpótí rẹ̀, rìsíìtì rẹ̀, àti ìwé gbogbo àtúnṣe. Káàdì nìkan lè mú ìyàtọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá wá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí ọdún 2010, nọ́ńbà ara Rolex kò sọ ọdún tí wọ́n ṣe é mọ́, déètì orí káàdì ni ẹlẹ́rìí tó kù. Ooru àti òógùn tiwa náà le fún aago: ẹ máa fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ ṣéènì rẹ̀, kí ẹ rí i dájú pé kókó ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń ká a wà ní dídé pinpin kí omi tó kàn án, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ rọ́bà tó ń dí omi wò lóòrèkóòrè. Rolex fúnra wọn ní kí a tú u fọ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Nínú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yín, ẹ ka ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán mọ́ owó tí aago máa ná yín.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ títà láìsọ ti ayédèrú. Ayédèrú òde òní kì í ṣe ti àtijọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń fò tá-tá-tá. Mo ní láti ṣí àwọn kan lẹ́yìn kí n tó dá wọn mọ̀, wọ́n sì ń ṣe ayédèrú káàdì pẹ̀lú. Èyí tó tún burú ni ojúlówó tí wọ́n jí. Wọ́n ń já aago gbà lọ́wọ́ èèyàn ní ojú títì London, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń kúrò nílùú náà láìpẹ́. Àkọsílẹ̀ nọ́ńbà àwọn aago tí wọ́n jí wà káàkiri ayé. Bí ẹ bá ra irú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú níbí, tí ọmọ yín sì gbé e fún alátùn-únṣe ní òkè òkun lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní rí kọ́bọ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ àti dọ́là. Èmi kì í ṣe amòye nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ Ìbàdàn jù mí lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ lè kọ́ ilé sórí ilẹ̀ kí ẹ gba owó ilé, aago kì í bí nǹkan kan. Owó ìdójútòfò rẹ̀ wà, ẹ̀rù olè wà, ilẹ̀ kò sì ṣeé jí lójú oorun. Òótọ́ ni pé aago ṣeé wọ̀ sọ́wọ́ kọjá ibodè, èyí sì ti gba àwọn èèyàn là nígbà ogun àti ìṣòro. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e wọ Britain láti lọ tà á gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè, owó orí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sì wà lórí ọjà tó ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n yín ní London ní àǹfààní kan tí ẹ kò ní: àwọn agbowó-orí Britain ka aago sí ẹ̀rọ, nítorí náà ẹni tó ta aago ara rẹ̀ kì í sábà san owó orí lórí èrè rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló ń fún un nígboyà. Ó ń fi pọ́n-ùn rà, ó ń fi pọ́n-ùn tà, alágbàtà wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín.

Ohun tí èmi yóò ṣe ní ipò yín rèé. Màá fi owó púlọ́ọ̀tì sílẹ̀ fún púlọ́ọ̀tì. Màá yọ owó ọjọ́ ìbí sọ́tọ̀, iye tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jí aago náà lọ́la, inú mi á bàjẹ́ ṣùgbọ́n ilé mi kò ní dàrú. Màá wá Datejust, Explorer tàbí Submariner onírin, àlòkù, tí ẹlòmíràn ti jẹ àdánù àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ tàbí tó ti gbádùn èrè àkọ́kọ́, tí káàdì rẹ̀ bá ara aago mu, lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó dúró sójú kan, tó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á gbà á padà bí ó bá jẹ́ ayédèrú. Láti ìparí ọdún 2022, Rolex náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí aago àlòkù nípasẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yàn, wọ́n sì ń fún un ní ìdánilójú ọdún méjì. Ó wọ́n ju ti alágbàtà lọ. Fún ẹni tó ń rà á fún ìgbà àkọ́kọ́, tí kò mọ aago wò, mo rò pé owó náà tọ́. Bó bá sì jẹ́ tuntun ni ẹ fẹ́, tí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fọwọ́ sí ní ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ má san ju iye ṣọ́ọ̀bù lọ fún ẹni tó ní tirẹ̀ wà nílẹ̀ lónìí.

Èló ni yóò jẹ́? Bí ẹ bá rà á dáadáa báyìí, tí ẹ kò dán an, tí ẹ kò pàdánù káàdì, mo retí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ẹ máa rí iye dọ́là tí ẹ san gbà padà, bóyá kó lé díẹ̀, tí agbára dọ́là náà yóò sì ti dín kù. Náírà yóò mú kó dà bíi pé ẹ jèrè rẹpẹtẹ. Bí ó bá gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúpẹ́. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà bá ti kẹ̀yìn sí aago tí a ń ká, tí wọ́n bá fẹ́ èyí tó ń bá wọn ka ìlù ọkàn wọn nìkan, yóò já, kò sì sí alágbàtà kan tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Ní ti ọmọ yín: ẹ kọ nọ́ńbà ara aago náà sínú ìwé ìhágún yín, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú káàdì, kí ẹ sì sọ fún ìyá rẹ̀ ibi tí ìwé wà àti orúkọ ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìdílé tí mo ti rí tí wọ́n ta aago bàbá wọn ní ìdá kan nínú mẹ́wàá iye rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n nílò owó lójú méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tó jẹ́ fún wọn ni.